Ta Ni Yóò Yẹ Iṣẹ́ Ẹ̀rọ Náà Wò? Àríwísí lórí Ìmúrasílẹ̀ Àwùjọ fún Ọgbọ́n Àtọwọ́dá, pẹ̀lú Àkíyèsí sí Ọ̀rẹ̀ àti Odigbó

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 2022 ni ilé-iṣẹ́ OpenAI ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan tí ó pè ní ChatGPT síta. Oṣù méjì péré lẹ́yìn èyí, ìṣirò tí ó gbajúmọ̀ sọ pé àwọn tí ń lò ó ti tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù káàkiri àgbáyé. Ohun tí ó mú kí ẹ̀rọ yìí yàtọ̀ ni pé Google a máa wá ohun tí ẹlòmíràn ti kọ fún ẹni tí ó ń béèrè, ṣùgbọ́n èyí fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Bí ènìyàn bá ní kí ó kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, yóò kọ ọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni tí ó wà lẹ́nu ìfidánrawò iṣẹ́ bá ní kí ó kọ nóòtì ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún òun, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ń ya àwòrán, wọ́n ń kọ orin, wọ́n sì ń fi ohùn ènìyàn sọ ohun tí onítọ̀hún kò sọ rí. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni àwọn oníròyìn Yorùbá ń pè é. AI ni ó wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́.

Ohùn àwọn ènìyàn kò ṣọ̀kan lórí bí ó ṣe yẹ kí àwùjọ múra sílẹ̀ dè é. Àwọn kan ní kí ilé-ẹ̀kọ́ fi òfin dè é pátápátá. Àwọn mìíràn ní kí ìjọba ra kọ̀ǹpútà sí gbogbo kíláàsì kí ọmọ Nàìjíríà má bàa rẹ̀yìn. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ibi tí kò yẹ ni ìhà méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Òfin kò lè dí ojú ọ̀nà ohun tí ó wà nínú fóònù tí akẹ́kọ̀ọ́ mú lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà náà kò sì lè sọ fún ọmọ nígbà tí ó bá ń purọ́ fún un. Ohun tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ béèrè ni pé: bí ẹ̀rọ náà bá ti kọ tirẹ̀ tán, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ìmọ̀ wo ni onítọ̀hún yóò sì fi yẹ̀ ẹ́ wò?

Kò sí ibi tí ìbéèrè yìí ti ṣe kedere tó ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà. Ọ̀rẹ̀ ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Benin gba ibẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni ẹni tí ó ń lọ sí Oǹdó àti Àkúrẹ́ ti ń yà, ibẹ̀ náà ni ẹni tí ó ń lọ sí Òkìtìpupa ti ń yà. Àwọn ọkọ̀ tí ń lọ sí ilẹ̀ Ìgbò a máa dúró níbẹ̀ kí èrò jẹun. Ohun tí ó bá jáde ní Èkó ní àárọ̀, Ọ̀rẹ̀ yóò gbọ́ nípa rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò ní dúró de ìwé àṣẹ ìjọba kí AI tó dé ibẹ̀, ó sì ti dé. Ẹ̀rọ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tẹ ìwé fún ará ìlú kárí ilẹ̀ yìí ti ń lò báyìí láti kọ lẹ́tà tí oníbàárà wọn kò lè fúnra rẹ̀ kọ.

Ọgbọ́n Ọlọ́gbọ́n

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Bí a bá wo bí ẹ̀rọ yìí ti ń ṣiṣẹ́, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni gbogbo ohun tí ó ní. Àwọn tí ó ṣe é kó ìwé, ìwé ìròyìn àti ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì jọ lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì fi kọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ kan ti máa ń tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tí ó bá ń dáhùn ìbéèrè, ọ̀rọ̀ tí ó jọ pé ó yẹ kí ó tẹ̀ lé èyí tí ó wà níwájú ni ó ń mú, títí gbólóhùn yóò fi pé. Níbi tí ìwé bá ti pọ̀ lórí kókó kan, ohun tí ó jọ òótọ́ àti òótọ́ gan-an a máa pàdé. Níbi tí ìwé bá ti ṣọ̀wọ́n, wọn a pínyà, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀rọ náà kì í yí padà: bákan náà ni yóò ṣe fi ìdánilójú sọ méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi í wé odídẹrẹ́. Àfiwé náà kò fi bẹ́ẹ̀ tọ̀nà. Ohun tí odídẹrẹ́ bá gbọ́ ni ó ń sọ. Bí ó bá sọ̀rọ̀ àìdáa, a mọ̀ pé ẹnì kan nínú ilé ni ó kọ́ ọ. Ẹ̀rọ yìí lè sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí, kí ó sọ ọ́ ní èdè tí ó dán, kí ó sì fi orúkọ ìwé tí kò sí láyé tì í lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan kan nípa kókó náà tẹ́lẹ̀ kò ní rí ibi tí yóò ti fura.

Ó tún yẹ kí á rántí pé kì í ṣe ọgbọ́n ìwé nìkan ni ẹ̀rọ náà ń jẹ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ìwé ìròyìn Time gbé ìròyìn jáde pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Kenya ni wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ burúkú gbogbo láti fi kọ́ ẹ̀rọ OpenAI bí yóò ṣe máa yẹra fún un, owó tí ó ń dé ọwọ́ wọn kò sì tó dọ́là méjì fún wákàtí kan. Ilẹ̀ adúláwọ̀ ti wà nínú iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ibi tí kò sí ni ibi tí wọ́n ti ń pinnu ohun tí ẹ̀rọ náà yóò mọ̀.

Ìjà Ọ̀rẹ̀ lójú Ẹ̀rọ

Àpẹẹrẹ kan yóò mú ọ̀rọ̀ yìí yé ni. Bí ènìyàn bá kọ «Ore» láìfi àmì sí i, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sábà máa ń kọ ọ́, ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ tí ń bá ni rìn, ó lè jẹ́ ọrẹ tí a fi ta ni lọ́rẹ, ó lè jẹ́ oore tí ẹni tí ó ń kánjú gé kúrú, ó sì lè jẹ́ Ọ̀rẹ̀, orúkọ ìlú. Ọmọ Odigbó kò nílò àmì kí ó tó mọ èyí tí wọ́n ń wí. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká nìkan ni ẹ̀rọ lè fi mọ̀ ọ́n, bí àwọn wọ̀nyí náà kò bá sì ní àmì, ó di àròsọ.

Ẹ jẹ́ kí á mú gbólóhùn tí ó wà lẹ́nu gbogbo Yorùbá: «Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀». Ohunkóhun tí ó bá gbóná janjan ni wọ́n ń fi í júwe, ìbáà ṣe bọ́ọ̀lù, ìbáà ṣe ìbò, ìbáà ṣe aáwọ̀ orogún. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sọ ọ́ kò mọ̀ pé ogun gidi ni. Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹjọ, ọdún 1967, àwọn ọmọ-ogun Biafra la odò Ọya kọjá, wọ́n gba Benin lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì dorí kọ ọ̀nà Èkó. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ni ó ṣáájú wọn. Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n dé tí wọn kò fi lè lọ síwájú mọ́. Ibẹ̀ ni ọmọ-ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn padà, Benin sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọjọ́ 20, oṣù kẹsàn-án, ọdún kan náà. Ìjà yìí ni ó dá Biafra dúró lójú ọ̀nà Èkó.

Kí ni ẹ̀rọ yóò rí bí wọ́n bá fi gbólóhùn yìí lọ̀ ọ́? «Ó le kú» ni àkọlé ìwé ìtàn-àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó jáde ní 1974, òun náà ni àkọlé fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe láti inú ìwé náà ní 1997. Ohun tí wọ́n ti kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ìwé àti fíìmù wọ̀nyí pọ̀ púpọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ nípa ohun tí ojú àwọn ará Ọ̀rẹ̀ rí ní 1967. Yóò rọrùn fún ẹ̀rọ láti fa gbólóhùn náà lọ sí ọ̀dọ̀ Àjàní àti àwọn obìnrin tí ó ń bá a ṣeré ìfẹ́. Ìtàn tí àwọn ológun kọ nípa ogun náà wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn yóò sì jẹ́ kí ó mọ orúkọ àwọn ọ̀gá ológun àti ọjọ́ ìjà. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ìyá sá gbà nínú igbó, oko tí ó jóná, ẹni tí ó fi oúnjẹ pamọ́ sí abẹ́ ilẹ̀, kò lè mọ ohun tí kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì ní kí ó kọ àròkọ lé e lórí, kì í ṣe pé yóò ní òun kò mọ̀. Ó lè hun ìtàn tí ó dùn, tí yóò bá ibikíbi tí ogun ti jà rí mu.

Ohun Tí Wọ́n Fi Bọ́ Ọ

Èdè Yorùbá kì í ṣe èdè tí kò ní ìwé. Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ìwé Ìròyìn Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ìpàdé lórí àkọtọ́ wáyé ní Èkó ní 1875. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí sì wà láti 1974. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé inú ìwé tí a tẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí wà, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni àwọn aṣẹ̀rọ ti ń kó tiwọn. Kí ni ó wà níbẹ̀? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni GSM dé Nàìjíríà. Kò sí ẹni tí ó múra àwọn olùkọ́ sílẹ̀ dè é. Fóònù ìgbà náà kò ní àmì ohùn, kò ní ẹ tàbí ọ tàbí ṣ, owó sì ni wọ́n ń gbà lórí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni odindi ìran kan kọ́ láti máa kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, tí ó sì mọ́ wọn lára títí dé orí Facebook. Nígbà tí àwọn aṣẹ̀rọ wá ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ, irú èyí ni wọ́n bá níbẹ̀ lọ́pọ̀. Àìmúrasílẹ̀ fún ẹ̀rọ ti àná ti di oúnjẹ ẹ̀rọ ti òní.

Ìwádìí kan wà lórí èyí tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ Yorùbá mọ̀. Ní 2020, Jesujoba Alabi, David Adelani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé iṣẹ́ jáde lórí Yorùbá àti Twi. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kó jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wé ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ṣà, tí wọ́n sì fọ̀ mọ́. Wọ́n rí i pé èyí tí ẹ̀rọ kó jọ dọ̀tí: àmì kò pé, ọ̀rọ̀ èdè mìíràn sì wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba tí ó mọ́ ni ó ṣe dáadáa jù. Pàtàkì èyí kò kéré fún ibi bí Odigbó. Ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe àwọn tí ó ní owó ràbàtà nìkan ni ọwọ́ wọn lè dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀rọ. Ìwé tí kíláàsì kan kọ, tí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tún ṣe, ju òkìtì ìsọkúsọ lọ.

Ọ̀rọ̀ Èṣù tún fi ewu mìíràn hàn. Nínú Bíbélì tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1884, Èṣù ni wọ́n fi túmọ̀ ọ̀tá Ọlọ́run. Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ ìtumọ̀ rẹ̀ ń lò ní 2013, ẹ̀rọ náà sì ń tú Èṣù gẹ́gẹ́ bí Bíbélì ti tú u, títí àwọn ènìyàn fi pariwo pé Èṣù tí àwọn oníṣẹ̀ṣe mọ̀, ìránṣẹ́ àti onídè ìkóríta, kì í ṣe Sàtánì. Àríwísí yìí kò dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí ó wà níbẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé ìpinnu tí ènìyàn díẹ̀ ṣe ní ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni ẹ̀rọ gbé wá sí ojú gbogbo ayé bí ẹni pé kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni wọ́n rí àṣìṣe náà. Bí kò bá sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ́, ta ni ìbá pariwo?

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ fún Yorùbá àjùmọ̀lò, kí ni ká sọ nípa ẹ̀ka-èdè? Nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, Abíọ́dún Adétugbọ̀ pín àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí agbègbè, ó sì fi Oǹdó, Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ àti àwọn aládùúgbò wọn sí gúúsù ìlà-oòrùn. Ó ṣe kòńgẹ́ pé 1967, ọdún ìjà Ọ̀rẹ̀, ni iṣẹ́ náà jáde. Àwọn ẹ̀ka-èdè wọ̀nyí ṣì ń lo ìró gh tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti pàdánù, wọ́n sì ń fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbi tí àwọn yòókù ń lo i. Ẹ̀rí ìtàn èdè wa wà nínú wọn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ lè rí kà nínú wọn. Ọmọ Odigbó tí ó bá ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ yóò máa gbọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò tí ó ní àléébù, kò ní gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ àgbà rárá.

Ẹ̀rí láti Benin

Kò ní tọ̀nà kí àríwísí yìí dà bí ẹni pé kò sí èrè nínú ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ wà ní ìparí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ gan-an, ní ìlú Benin. Láàárín oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2024, Báńkì Àgbáyé àti ìjọba Ìpínlẹ̀ Ẹdó dán ètò kan wò ní àwọn ilé-ìwé ìjọba níbẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé gíga oníwèé mẹ́wàá àgbà ń dúró lẹ́yìn ìjáde ilé-ìwé, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ Copilot ti ilé-iṣẹ́ Microsoft kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn olùṣèwádìí ròyìn pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ta àwọn tí kò kópa yọ nínú ìdánwò tí ó tẹ̀ lé e, pé àwọn ọmọbìnrin tí ó ti wà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ jèrè púpọ̀, àti pé bí ọmọ bá ti ń wá déédéé tó ni èrè rẹ̀ ń pọ̀ tó. Wọ́n tilẹ̀ fi ìlọsíwájú náà wé ohun tí ọmọ ń kọ́ ní bíi ọdún méjì.

Ọ̀rọ̀ ọdún méjì yìí ni ó gba ojú ìwé ìròyìn. Ó yẹ kí á fi sùúrù gbà á, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tó láti mọ̀ bóyá ìmọ̀ náà yóò dúró lọ́dún tí ń bọ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí àwọn oníròyìn fò kọjá: olùkọ́ wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Olùkọ́ ni ó ń mú kókó ẹ̀kọ́ wá, òun ni ó ń fún àwọn ọmọ ní ìbéèrè tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀, tí ó ń rìn láàárín wọn, tí ó sì ń jíròrò pẹ̀lú wọn lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ń kọ́, èdè tí ẹ̀rọ náà mọ̀ jù lọ láyé. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀rí Benin sọ pé kí wọ́n kó ẹ̀rọ wá, kí wọ́n sì dín olùkọ́ kù, kò ka ìwé náà dé ìparí.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ní ẹkùn gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ kò jìnnà sí wọn. Àwọn tí ń ṣèlérí kọ̀ǹpútà kò sábà mẹ́nu ba èyí.

Olùkọ́ tí Ó Ń Lé Olè

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì, ìhà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kọ sí AI ni ti ọlọ́pàá. Wọ́n gba ẹ̀rọ mìíràn tí ó ní òun lè mọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kọ. Ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra. Ní 2023, àwọn olùṣèwádìí kan ní Yunifásítì Stanford fi irú ẹ̀rọ awádìí bẹ́ẹ̀ méje yẹ àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn fi ọwọ́ ara wọn kọ wò. Ní ìpíndọ́gba, àwọn ẹ̀rọ náà pe ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ní iṣẹ́ AI. Wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣi àròkọ ọmọ Amẹ́ríkà kankan mú. Ẹni tí ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé, tí ó ń kọ ọ́ létòlétò gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ mú ní olè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, oníṣòwò ẹ̀rọ kan, Paul Graham, sọ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, «delve», ni òun fi mọ̀ pé ẹ̀rọ ni ó kọ lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun. Àwọn ọmọ Nàìjíríà bínú, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ń lò láti ilé-ìwé ni. Ìbínú náà tọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà, kò sì ṣe tuntun. Kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó fi ẹnu sọ ohun tí ó kọ, kí wọ́n sì bi í léèrè. Ìdánwò alohùn ni àwọn baba wa fi ń mọ akọ́ṣẹ́ Ifá tí ó gbọ́n àti èyí tí ó kàn ń tẹ̀ lé ọ̀gá kiri. Kí iṣẹ́ àṣetiléwá sì jẹ́ èyí tí ìdáhùn rẹ̀ kò sí níbì kankan àfi nínú ìlú: kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ béèrè orúkọ igi mẹ́wàá tí àwọn alápákò ní Ọ̀rẹ̀ ń là, kí ó kọ ọ́ ní ẹ̀ka-èdè àdúgbò náà, kí ó sì sọ èyí tí kò sí mọ́ nínú igbó ọba Olúwa àti ìdí rẹ̀. Bí ó bá wù ú, kí ó bi ẹ̀rọ náà pẹ̀lú, kí ó sì fi ìdáhùn méjèèjì síwájú olùkọ́. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni kí ó ti gba máàkì.

Ìjọba Onílànà Méjì

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé àkọsílẹ̀ ètò orílẹ̀-èdè lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá jáde. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, iléeṣẹ́ ìjọba tí Bọ́sún Tìjání ń darí kéde N-ATLAS, ẹ̀rọ tí ó gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní Nàìjíríà. Ohun ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà èdè ti 2022 tí ó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí tí ó sọ ni pé àwọn ẹkùn tí ó lo èdè abínibí jù ni ó ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Oṣù méjì ni ó wà láàárín ìkéde méjèèjì, kò sì jọ pé ẹnì kan fi wọ́n wé ara wọn. Bí ọmọ kò bá kọ Yorùbá ní kíláàsì, inú kí ni N-ATLAS ti ogún ọdún sí i yóò ti rí Yorùbá kà? Ẹ̀rọ yóò máa jẹ ohun tí ẹ̀rọ kọ. Ìdí tí Mínísítà sọ pàápàá kò dúró ṣinṣin níwájú ohun tí a ti mọ̀ tipẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ wọn sì ta ẹgbẹ́ wọn yọ. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyàtọ̀ ibẹ̀, ìyẹn sì ni àwọn ilé-ìwé wa kò ní tó.

Ọ̀ràn kan ní 2025 yẹ ní àfiyèsí, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ti AI. Ìdánwò JAMB ọdún náà ni kọ̀ǹpútà gba àmì rẹ̀, èsì sì burú débi pé àwọn òbí àti olùkọ́ kọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó hàn pé àtúnṣe kan tí kò dé inú àwọn kọ̀ǹpútà kan ti ba èsì jẹ́. Olórí àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, jáde síta, ó sunkún, ó sì gba ẹ̀bi. Ọmọ 379,997 ní Èkó àti ìlà-oòrùn gúúsù ni wọ́n ní kí ó tún ìdánwò ṣe. Kò sí ohun tí ó gba àwọn ọmọ wọ̀nyí là ju pé àwọn tí ó mọ̀ wọ́n ní kíláàsì lè sọ pé: ọmọ yìí kò lè gba irú máàkì báyìí. Olùkọ́ tí ó mọ ọmọ ni ó yẹ ẹ̀rọ wò.

Iṣẹ́ Tí Ó Wà Nílẹ̀ ní Odigbó

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá rán ẹ̀rọ ní iṣẹ́ ẹrú, bí ẹrú ni yóò jẹ́ ẹ. Ọgbọ́n à-fi-tọmọ-jẹ́ yìí ni ó yẹ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni máa fi kọ́ àwọn tí ó ń rán jáde: kí wọ́n lè dúró, kí wọ́n wo ohun tí ẹ̀rọ mú wá, kí wọ́n sì mọ èyí tí kò yẹ ní jíjẹ́.

Iṣẹ́ kan kò lè dúró de ètò ìjọba. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ogun dé Ọ̀rẹ̀ ní 1967 ti tó ẹni ọdún 68 ní 2025. Àwọn tí ó ti dàgbà nígbà náà kò pọ̀ mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni tí wọ́n bá rán lọ fìdánrawò ní Ọ̀rẹ̀, Odigbó, Araromi-Obu tàbí Agbábù lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré nínú tẹ́ẹ̀mù kan lórí èyí. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá àgbàlagbà kan tí ó gbà láti sọ̀rọ̀, kí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ bí ẹni náà ti sọ ọ́, kì í ṣe bí ìwé ti máa ń kọ ọ́. Kí gh rẹ̀ wà níbẹ̀, kí u rẹ̀ wà níbẹ̀, kí àmì ohùn pé. Kí olùkọ́ Yorùbá yẹ̀ ẹ́ wò ní gbólóhùn-dé-gbólóhùn pẹ̀lú àwọn ọmọ náà, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti gbà á. Ẹ̀dà kan yóò wà ní ilé-ìwé, ẹ̀dà kejì ní ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀kẹta lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n lè kà á sí i létí, kí ó sì tún ibi tí wọ́n bá ti ṣì í gbọ́ ṣe nígbà tí ó ṣì wà láyé.